Ìbéèrè Kẹsàn-án àti Ohun tí Tien Giesbrecht Sọ

Wọ́n ní ìyàwó tuntun yẹn ni. Wọ́n ní, àbí ẹ ò rí i pé láti ìgbà tó ti Mẹ́síkò dé ni ọmọ náà ti ń… Wọ́n ní ẹnì kan gbọ́ ọ lẹ́yìn abà tó ń jágbe mọ́ ọn, ẹni tó gbọ́ ọ ni ò fẹ́ ká dárúkọ òun. Wọ́n ní ata tó ń dà sínú ọbẹ̀… wọ́n ní kì í bá a jókòó jẹun… wọ́n ní nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ọmọ náà kú, ṣe ló… ẹ jẹ́ n dákẹ́ o, kì í ṣe ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ. Bí lẹ́tà ìsìnkú Tien Giesbrecht ṣe ń lọ láti ilé dé ilé ní Blumengrund, abúlé wa, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń bá a rìn. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe é: lẹ́tà kan ṣoṣo, orúkọ gbogbo ilé ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ilé àkọ́kọ́ á kà á, á fa ìlà sí orúkọ tirẹ̀, á gbé e fún ilé tó tẹ̀ lé e. Kí lẹ́tà yẹn tó dé ilé kejìlélógójì, ọ̀rọ̀ ẹnu tó ń bá a rìn ti gùn ju lẹ́tà lọ. Èmi náà gbé e dé ilé tó kàn mí. Wọ́n dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Netha, ìwọ tó o wọlé tọ̀ wọ́n lóṣù kejì, ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?" Mo wo ilẹ̀. Lábúlé wa, ẹni tó bá wo ilẹ̀ ti dáhùn.

Ìwé tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí, irú lẹ́tà yẹn náà ni. Mo ti to orúkọ ilé méjèèjìlélógójì sí ìdí rẹ̀. Ẹ kà á tán, ẹ fa ìlà, ẹ gbé e fún ilé tó kàn, ẹ má fi ọ̀rọ̀ kankan tì í lẹ́yìn, nítorí gbogbo ohun tó yẹ kí ẹ gbọ́ wà nínú rẹ̀. Òótọ́ tí mo fi pamọ́ ti pọ̀ jù fún àyà mi, bí n kò bá bì í, yóò pa mí. Èmi Aganetha Harder, ọmọ Wilhelm Harder tó ń tún ẹ̀rọ ìkórè ṣe, ni mo kọ ọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí. Ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì tó ń bọ̀ yìí ló yẹ kí n kúnlẹ̀ pẹ̀lú àwọn mẹ́jọ mìíràn, kí Ohm Isbrand, ìránṣẹ́ Ọlọ́run wa, da omi ìrìbọmi sí wa lórí. Ó ti pè wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Ǹjẹ́ ohun kan wà tó fara pamọ́?" Àwọn mẹ́jọ ní rárá. Èmi náà ní rárá. Láti ọjọ́ yẹn ni omi kì í ti í gba ọ̀nà ọ̀fun mi lọ bó ṣe yẹ. Omi tí n kò rí mu, báwo ni wọn yóò ṣe dà á sí mi lórí?

Ẹ má rò pé ìgboyà ló mú mi kọ ọ́. Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni mo máa ń gba ẹ̀yìn ilé wọlé kí n má bàa kí èèyàn púpọ̀. Èémí mi kò dá ṣáká ní kékeré, ìyẹn ni ìyá mi ò ṣe rán mi lọ sílé ìwé. Orí tábìlì ìdáná ló ti kọ́ mi ní ohun gbogbo. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń sáré lórí yìnyín, ẹsẹ̀ àwọn ìyá àgbà ni èmi wà, tí wọ́n ń fi eyín fọ́ kóró òdòdó-oòrùn, tí èèpo ń bọ́ sí mi lórí, tí mo ń gbọ́. Mo gbọ́ títí etí mi fi di àpótí. Ọ̀rọ̀ tí mo bá gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, kì í jáde mọ́. Ohun tí mo sì gbọ́ jù lọ lẹ́nu wọn ni pé ọmọ tí a kọ́ kì í sọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Màmá Anna Wieler á ní, "Èmi, èmi, èmi. Ewúrẹ́ ló ń ké bẹ́ẹ̀. Ọmọ èèyàn á dúró kí wọ́n bi í." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn. Òun la fi hun okùn, èmi ni mo fà á.

Nígbà ìkórè èṣí ni Dókítà Renuka Pillai wá láti ìlú ńlá Winnipeg. Ìwé ìbéèrè kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n fi ń mọ ọmọ tí ìsoríkọ́ ti wọ̀ lára, láti ọmọ ọdún méjìlá dé méjìdínlógún. Ìbéèrè mẹ́sàn-án péré. Ṣé o ń rí oorun sùn? Ṣé oúnjẹ ń wù ọ́? Ṣé ohun tó máa ń dùn mọ́ ọ tẹ́lẹ̀ ṣì ń dùn mọ́ ọ? Ọmọ náà á mú ìdáhùn kan nínú mẹ́rin: kò sí rárá, ọjọ́ díẹ̀, ó ju ìdajì àwọn ọjọ́ lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́. Ìbéèrè kẹsàn-án ló béèrè bóyá ọmọ náà máa ń rò ó pé ikú ì bá sàn fún òun. Ìwé yìí wà ní èdè púpọ̀, kò sí ní Plautdietsch, èdè ìdáná àti abà wa. Dókítà ní àwọn kò kàn fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, nítorí ìbànújẹ́ kì í wọ aṣọ kan náà ní gbogbo ìlú. Ẹni méjì ló kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹlòmíràn tí kò rí ojúlówó rẹ̀ tún un gbé padà sí Gẹ̀ẹ́sì, ká lè mọ ohun tó jábọ́ lọ́nà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó kan àwọn àgbà láti wò ó. Lẹ́yìn àwọn àgbà, ọmọ mẹ́wàá á gbọ́ ọ, wọ́n á fi ẹnu ara wọn sọ ohun tí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan jẹ́ létí wọn. Iṣẹ́ ti ìkẹyìn yìí ni wọ́n gbà mí sí. Dókítà ní òun ti béèrè kiri, gbogbo ènìyàn ní kí òun mú ọmọ Harder tí kì í sọ̀rọ̀, tó jẹ́ pé gbígbọ́ ni tirẹ̀.

Ilé Ohm Isbrand ni àwọn àgbà ti jókòó. Wọ́n kọ́kọ́ ń fi ìwé náà ṣẹ̀fẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka èyí tó béèrè bóyá ó máa ń rẹ ọmọ, Màmá Wieler ní, "Dókítà mi, ta ni kì í rẹ̀ lásìkò ìkórè? Ẹṣin pàápàá, ẹ bi í, á ní ojoojúmọ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín, Dókítà náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó kan ìkẹsàn-án, kọfí tutù nínú ife. Ohm Isbrand fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n, ó ní, "Ìyá Dókítà, ẹ fẹ́ ká fi ohun tí kò sí lọ́kàn ọmọ sí i lọ́kàn." Dókítà ní, "Bàbá, a ti wò ó níbi púpọ̀. Bíbéèrè kì í gbìn ín. Ọmọ tó bá ti ní in lọ́kàn, ṣe ló ń dúró de ẹni tó máa béèrè." Màmá Wieler ló rí ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ má bi ọmọ nípa ara rẹ̀. Àwọn ọmọ wa kì í sọ èmi. Ẹ ní, ká ní ọmọ kan wà lábúlé, kí ló máa sọ sí èyí? Ẹ̀yin á rí i, wọ́n á sọ̀rọ̀ bí ẹyẹ." Gbogbo wọn mi orí. Inú Dókítà dùn, ó kọ ọ́ sílẹ̀ wéré. Ọgbọ́n ni lóòótọ́. N kò dá ìyá àgbà lẹ́bi. Ilẹ̀kùn tó dára ni ó ṣí, èmi ni mo dúró lẹ́nu rẹ̀ tí n kò jẹ́ kí ọmọ jáde.

Dókítà fún mi ní ìwé pupa kan kó tó lọ. Ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, "Netha, gbọ́ mi o. Bí ọmọ kan bá sọ ohun tó jọ pé tirẹ̀ ni lórí ìkẹsàn-án, má wo 'ọmọ kan' tó fi bora. Kí o tó jáde nínú ọgbà ilé yẹn, pe nọ́ńbà nọ́ọ̀sì tó wà lórí ìwé yìí. Má lọ sílé lọ rò ó." Mo ní mo gbọ́. Bí ọkọ̀ rẹ̀ ti ń jáde ni Ohm Isbrand fà mí lápá. Ó ní, "Ọmọ mi, o rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní abúlé kejì." Ta ni kò rántí? Ẹnì kan dárúkọ ilé kan fún ìjọba, ọkọ̀ wọn mẹ́ta wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n kó ọmọ mọ́kàndínlógún lọ. Ọdún méjì ni wọ́n fi wà lọ́hùn-ún, àwọn kékeré inú wọn padà dé, wọn ò gbọ́ èdè ìyá wọn mọ́. Ó ní, "Orúkọ ilé kan ṣoṣo ló máa tó." Mo ní, "Mo gbọ́, Ohm." Kò ní kí n parọ́. Ẹ má fi ẹ̀ṣẹ̀ mi sí i lọ́rùn. Ó bẹ̀rù fún wa ni. Èmi ni mo mú ẹ̀rù rẹ̀ lọ ṣe aṣọ, mo wọ̀ ọ́.

Tien ni ọmọ keje tí mo lọ bá. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, àkọ́bí Kornelius Giesbrecht; ìyá rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́rin. Ọdún kejì rèé tí Kornelius fẹ́ Eva láti ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn wa tó wà ní Mẹ́síkò. Ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́ ní Ata-ò-jẹ́-a-sùn, ó gbọ́, ó ní orúkọ náà wu òun, kí wọ́n kọ ọ́ sára àpótí lẹ́tà. Mo kan ilẹ̀kùn, òun ló ṣí i. "Wọlé, wọlé, kí òtútù má bàa bá ẹ wọlé. O ti rù bí igi ìgbálẹ̀, Netha. Ṣé ìyá ẹ máa ń ti àpótí búrẹ́dì ni?" Mo ní ìlànà ni pé èmi àti ọmọ nìkan ni ká jọ jókòó. Ó ti ń wọ kóòtù kí n tó parí ọ̀rọ̀. "Ó dáa, màá lọ jókòó ti àwọn adìẹ. Àwọn yẹn kì í sọ̀rọ̀ mi láìdáa." Bàtà rọ́bà ọmọdébìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ooru ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Mo rí i. N kò ronú nípa rẹ̀ nígbà yẹn.

Ara Tien yá mọ́ mi. Ní ìbéèrè àárẹ̀, ó ní, "Màlúù méjìdínlógún la ní, Netha. Kọ ọ́ pé ọmọ yẹn ní àwọn màlúù ló rẹ̀." Ní ti oorun, ó ní ọmọ yẹn máa ń jí ṣáájú àkùkọ, tí àkùkọ bá jí á máa jowú. Mo ń kọ, mo ń rẹ́rìn-ín. Mo wá ka ìkẹsàn-án. Ó ń fi ọwọ́ òsì ká etí aṣọ tábìlì, ó ń ká a, ó ń tú u. Ó wá sọ̀rọ̀. Kò pẹ́, kò gbé ohùn sókè, kò sunkún. Ìlànà ni pé ká kọ ọ̀rọ̀ ọmọ bó ṣe sọ ọ́, mo sì kọ ọ́. Ọwọ́ mi ń kọ, etí mi ń gbọ́, gbogbo ara mi sì mọ̀. N kò ní tàn yín. Kò sí ìgbà kankan tí mo rò pé ọmọ mìíràn ló ń sọ. Nígbà tó parí, ó gbé ojú sókè, ó wò mí. Ó dúró. Ìwé pupa wà lábẹ́ àtàǹpàkò mi. Mo rí ọkọ̀ mẹ́ta ní ojú mi. Mo rí orúkọ mi lẹ́nu gbogbo abúlé: ọmọ Harder tó pe ìjọba wá. Mo sọ nínú ara mi pé, ọmọ kan ló wí, kò wí pé èmi. Mo bi í ní ohun tó wà lórí ìwé mi, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní, "Ṣé ìbéèrè náà yé ẹ?" Ó ṣì ń wò mí. Ó ní, "Ó yé mi." Mo kọ ọ́ sínú àpótí: Ìbéèrè yé e. Àpẹẹrẹ tó dára.

Eva wọlé pẹ̀lú ẹyin mẹ́rin nínú ìborùn, ó ń gbọn yìnyín. "Ṣé ẹ ti jẹ ẹran ara mi tán?" Tien rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó ku eegun." Ẹ̀rín yẹn ni mo gbá mú. Mo dì í mọ́ra dé ilé. Mo ní, ọmọ tó lè rẹ́rìn-ín báyìí, kí ló fẹ́ ṣe é? Àwọn àgbà ní ojú tó ń rẹ́rìn-ín kì í sọ ohun tí ikùn jẹ. Mo ti gbọ́ ọ tó ìgbà ẹgbẹ̀rún, èmi tí etí mi jẹ́ àpótí.

Lóṣù kẹta, wọ́n pè wá sí Winnipeg láti gbé ohun tí a rí kalẹ̀. Èèyàn bí ogún jókòó yí tábìlì ká. Nọ́ńbà la fún àwọn ọmọ, kì í ṣe orúkọ, Tien ni nọ́ńbà keje. Ọ̀dọ̀ mi nìkan ni ìwé orúkọ wà. Dókítà Pillai dìde, ó ka ọ̀rọ̀ nọ́ńbà keje sókè. Ọkùnrin kan bọ́ ìgò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún. Dókítà ní, "Láti ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, n kò tíì gbọ́ èyí tó ṣe kedere tó báyìí." Ó wá yíjú sí mi. "Netha, ṣé ó dá ẹ lójú pé kì í ṣe ara rẹ̀ ló ń sọ? Ṣé o lo ìwé pupa?" Ẹ wo ilẹ̀kùn tí Ọlọ́run tún ṣí fún mi. Mo ní, "Rárá, Dókítà. Ọmọ náà láyọ̀. Àwọn ọmọ wa mọ ìtàn sọ ni." Ó wò mí pẹ́ díẹ̀, ó gbà mí gbọ́, nítorí ta ló máa ń ro irọ́ mọ́ ẹni tí kì í sọ̀rọ̀? Wọ́n fún mi ní kéèkì. Mo jẹ ẹ́. Ó dùn. Wọ́n ní kí n bá wọn kọ ìlànà fún àwọn tó máa bi àwọn ọmọ abúlé mẹ́fà tó kù, mo sì fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n má ka 'ọmọ kan' sí ọmọ tó ń sọ̀rọ̀. Nínú bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ bọ̀, mo rí i lójú fèrèsé pé yìnyín ti ń yọ́ lórí pápá. Inú gbogbo ọkọ̀ ń dùn sí i. Tí ẹ bá dé ìsàlẹ̀ ìwé yìí, ẹ ó mọ ìdí tó fi yẹ kí yìnyín tó ń yọ́ yẹn lé mi bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀, kí n sáré.

Mo tún rí Tien lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan lóṣù kẹrin, nílé ìyá mi, nígbà tí gbogbo wa ń jẹ búrẹ́dì àti jáàmù lẹ́yìn ìsìn. Ilẹ̀ ti gbẹ, àwọn ọmọdé ti bọ́ bàtà òtútù. Tien wá bá mi níbi tí mo ti ń fọ ife. Ó mú aṣọ ìnuwọ́, ó ń bá mi nù wọ́n. Ó ní, "Netha, ìwé yẹn, ṣé àwọn ará ìlú ńlá ti kà á?" Mo ní wọ́n ti kà á. "Kí ni wọ́n sọ?" Mo ní, "Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀. Wọ́n ní tìẹ ni àpẹẹrẹ tó dára jù." Ó nu ife kan tán, ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó tún mú òmíràn. Ó ní, "Wọn ò wá béèrè nǹkan kan?" Mo ní, "Kí ni wọ́n á tún béèrè? Ó yé wọn." Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó nu gbogbo ife tó kù, ó ká aṣọ ìnuwọ́ sí mẹ́rin, ó lọ. Ọjọ́ karùn-ún sí ìyẹn, ní ọ̀sán gangan, wọ́n wá sọ fún ìyá mi pé Tien ti kú, àti pé òun fúnra rẹ̀ ló gba ẹ̀mí ara rẹ̀. N kò ní kọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Kò sí èrè nínú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, pàápàá fún ọmọ tó bá ka ìwé yìí.

Kí n tó sunkún, ìdáná ni mo kọ́kọ́ lọ. Ẹ gbọ́ irú èèyàn tí mo jẹ́. Mo mú ìwé orúkọ, mo kì í bọ sítóòfù ìyá mi, mo kọ òmíràn, mo fi nọ́ńbà keje fún ọmọ kan tí ìdílé rẹ̀ ti kó lọ sí Bòlífíà lóṣù kẹta. Ọjọ́ kejì ni Dókítà pè mí lórí fóònù. "Mo gbọ́ pé ọmọ kan kú lọ́dọ̀ yín. Netha, ṣé ó wà nínú àwọn mẹ́wàá?" Mo ní kò sí. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ń lọ. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé Pẹ́ńtíkọ́sì ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìwé ìbéèrè náà ní abúlé mẹ́fà, pẹ̀lú ìlànà tí èmi kọ. Gbogbo ọmọ tó bá sọ pé ọmọ kan wà, wọ́n á yìn ín, wọ́n á fi í sílẹ̀.

Ẹ rò pé ìyẹn ló burú jù. Ó kù. Níbi ìsìnkú, nígbà tí a ń mu kọfí, tí a ń jẹ búrẹ́dì àjàrà gbígbẹ, Eva jókòó sórí bẹ́ǹṣì, àwọn obìnrin sì ń sún ife wọn ní díẹ̀díẹ̀ títí bẹ́ǹṣì fi ṣófo. Èmi náà sún ife mi. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ó wá bá mi níbi tí mo ti ń sá aṣọ. Kò ṣẹ̀fẹ̀ kankan. Ó ní, "Netha, mi ò wá jà. Wọ́n ní o bá a sọ̀rọ̀ dáadáa lóṣù kejì. Ṣé ó dárúkọ mi? Tó bá jẹ́ èmi ni mo ṣe é, sọ ọ́ fún mi. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Mi ò ní sunkún níwájú ẹ." Ọ̀rọ̀ tí ì bá gbà á là wà lẹ́nu mi, odindi, láìdín ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, á bi mí pé, o gbọ́ èyí, kí lo ṣe? Mo ní, "Kò sọ nǹkan kan, Àǹtí." Ó ní, "Kódà kó bú mi?" Mo ní, "Kódà." Ó mi orí. Ó bá mi mú etí aṣọ ìbùsùn tó fẹ́ kan ilẹ̀, ó fi pẹ́ẹ̀gì dè é. Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi," ó sì lọ. Nígbà tí àwọn arákùnrin ìjọ ṣe ìpàdé, wọ́n pè mí sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n bi mí bóyá Tien sọ ohunkóhun nípa ìyàwó bàbá rẹ̀. Mo wo ilẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n yọ Eva kúrò nídìí oúnjẹ Olúwa. Wọ́n ní kí àbúrò Tien obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, lọ máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Eva ti di ẹrù rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yìí ló ń padà sí Mẹ́síkò. Mo rí ọmọ kékeré yẹn lánàá lójú ọ̀nà. Mo kí i, ó wo ilẹ̀. Ó ti ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ra bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló gbé mi jókòó sídìí ìwé yìí.

Ẹ̀dà rẹ̀ kan ti lọ sọ́dọ̀ Dókítà Pillai, mo sì ti bẹ̀ ẹ́ kó dá ìwé ìbéèrè àti ìlànà mi dúró. Mo ti bẹ Ohm Isbrand pé kó má da omi sí mi lórí. Orúkọ àkọ́kọ́ lórí lẹ́tà yìí ni orúkọ Eva, kí ẹlòmíràn tó kà á. Àǹtí Eva, n kò bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì mí lónìí. Mo bẹ̀ yín pé kí ẹ tú ẹrù yín. Ẹ̀yin arákùnrin, ẹ dá ọmọ náà padà fún un. Ẹ̀yin ìyá àgbà tí mo jókòó lẹ́sẹ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́, bí ọmọ bá ní ọmọ kan wà, ẹ gbé kóró òdòdó-oòrùn kalẹ̀, kí ẹ ní, ṣé ìwọ ni? Ẹ̀yin ọmọdé, mo bẹ̀ yín, ẹ sọ èmi. Ẹ ké e bí ewúrẹ́. Bí ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ sọ ọ́ fún bá jẹ́ irú mi, ẹ lọ sọ ọ́ fún ẹlòmíràn, kí ẹ tún sọ ọ́. Ìwé tó ní orúkọ rẹ̀ ti jóná, ṣùgbọ́n etí mi kò jóná. Ohun tí Tien Giesbrecht sọ fún mi sí ìbéèrè kẹsàn-án nìyí, n kò yọ, n kò fi kún un:

"Ọmọ kan wà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́ ló máa ń rò ó pé ì bá sàn kí òun má sí. Kì í ṣe pé ẹnì kan ṣe é níbi o. Ìyá tuntun tí bàbá rẹ̀ fẹ́ máa ń gbé bàtà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù láàárọ̀ kó tó lọ fún wàrà, kẹ́sẹ̀ rẹ̀ má bàa tutù. Kò sẹ́ni tó rán an. Tí ọmọ yẹn bá ti ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, tó bá ti gbóná, á ní, ó dáa, tòní nìkan, màá dúró. Bó ṣe ń ṣe é láti ìgbà tí òtútù ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ yìnyín máa yọ́, wọn ò ní gbé bàtà sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù mọ́. Mi ò mọ ohun tó máa ṣe nígbà yẹn. Tí ẹnì kan bá bi í ní tààrà, Netha, á sọ. Ìwọ ṣáà bi í."